Bàbá, Ọkọ̀ Yín Kò Sunkún

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì mú bíró pupa. Ẹ kọ́kọ́ ka lẹ́tà yìí tán ná. Mo mọ̀ yín: àmì orí ọ̀rọ̀ ni ẹ máa ń wò kí ẹ tó wo ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́tà tí mo kọ sí yín nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, èyí tí mo fi sọ fún yín pé ara mi kò yá, ẹ dá a padà sí mi ní ìlú òyìnbó pẹ̀lú àmì pupa mọ́kànlélógún. Ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn máàkì, ni ẹ wá kọ "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi" sí. Mẹ́rin nínú mẹ́wàá ni ẹ fún mi. Pẹ̀lú ibà lára!

Lẹ́tà yìí ti pẹ́, èmi náà mọ̀. Ìbéèrè tí ẹ bi mí kẹ́yìn ni mo fẹ́ dáhùn. Ṣé ẹ rántí? Ẹ ní kí èmi tí mò ń kọ́ kẹ́mísírì sọ fún yín ìdí tí omi fi ń kán láràárọ̀ láti ẹnu sàlẹ́ńsà ọkọ̀ yín, ibi tí ọkọ̀ fi ń tu èéfín, nígbà tí ẹ kì í bu omi sínú rẹ̀. Ẹ ní Yorùbá ni kí n fi ṣàlàyé. Ẹ ní bí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, ẹ ó dá a padà láìkà á.

Mo mọ ìdáhùn náà lójú ẹsẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìlà méjì péré ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo mú ìwé láti fi Yorùbá kọ ọ́, "Bàbá mi ọ̀wọ́n" nìkan ni mo rí kọ. Mo ní n ó parí rẹ̀ tó bá di ìparí ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ náà lọ, òmíràn dé, ìdánwò dé, wáyà tẹligíráàmù sì dé láti Ìlọrin. Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú fi máa gbé mi délé, ẹ ti lo ọjọ́ mọ́kàndínlógún nínú ilẹ̀, ìwé tí mo kọ "Bàbá mi ọ̀wọ́n" sí sì wà nínú báàgì mi. Orí ìwé náà ni mò ń kọ èyí sí. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé yíǹkì ìlà àkọ́kọ́ yàtọ̀.

Inú ọkọ̀ yín ni mo jókòó sí, ìjàpá aláwọ̀ ojú ọ̀run yín. Màmá sọ fún mi pé ibẹ̀ ni ẹ máa ń sá sí fún ariwo ilé ní àárọ̀ Sátidé láti kọ lẹ́tà sí mi. Mo gbé ìwé lé orí sítiárìn bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Àpá yíǹkì pupa kan wà lápá òsì rẹ̀, ó tó àtàǹpàkò. Èwo nínú àwọn lẹ́tà mi ló fà á?

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n ta ọkọ̀ yìí, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí.

Lẹ́yìn fídáù ogójì ọjọ́ yín, ẹ̀gbọ́n yín, Bàbá Àáfà, pè mí, ó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé mi lọ́wọ́ nítorí pé èmi nìkan ni mo mọ ọkọ̀ wà nínú ilé.

"Máa tan án láràárọ̀ kí bátìrì rẹ̀ má baà kú. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Kò gbọdọ̀ jáde nínú ọgbà o. Ọkọ̀ olóògbé kì í rìn kí opó rẹ̀ tó jáde."

Màmá sì wà nínú yàrá, ó wà lẹ́nu tákàbà rẹ̀, ìdúró opó fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Ti opó yé mi. Ti ọkọ̀ ńkọ́? Ṣé òfin yẹn wà lóòótọ́, Bàbá, àbí Bàbá Àáfà ló dá a sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn? N kò tíì rí ẹni tí n ó bi.

Ọyẹ́ wá dé. Ẹ mọ ọyẹ́ Ìlọrin, tí ètè ń là, tí omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ń ta ni bí oyin. Mò ń tan ọkọ̀ láràárọ̀, omi sì ń kán láti ẹnu sàlẹ́ńsà, tó, tó, tó, bí ẹ ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. N kò bá a wí. Àfi àárọ̀ ọjọ́ tí Ìyá Gàmbàrí, ẹ̀gbọ́n yín obìnrin, gbé wàrà wá fún Màmá. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló dúró sí, ó ń fi ohùn rara kí gbogbo ilé, ni omi bá kán sí i lẹ́sẹ̀.

"Yé è! Ọkọ̀ yìí tọ̀ sí mi lẹ́sẹ̀!"

Mo ti fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹnu sàlẹ́ńsà, ó wo ojú mi, ó rọra gbé igbá wàrà kalẹ̀.

"Rárá o. Ẹkún ni. Àkànní, àbúrò mi, ọkọ̀ rẹ ń sunkún rẹ o!"

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" Màmá ń kígbe láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. "Ẹ sọ fún mi kẹ̀! Ṣé ẹ mọ̀ pé mi ò lè yọjú!"

Bàbá, kí oòrùn tó mú, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Ní ọjọ́ kejì, ènìyàn mẹ́sàn-án ló wá wo ọkọ̀ kí n tó tan án rárá. Ìyá arúgbó kan na ọwọ́, ó rọra ń fọwọ́ pa á lórí níbi tí ẹ ti máa ń gbé fìlà lé. "O kú ará fẹ́ra kù, ọkọ̀. Ṣe sùúrù. Gbogbo wa la ń bọ̀." Ìyá Gàmbàrí lọ mú abọ́ tánńganran kékeré kan wá, ó gbé e sábẹ́ sàlẹ́ńsà, torí pé kò yẹ kí ẹkún olóòótọ́ máa balẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta mo da omi náà nù kí n lè fọ abọ́ fún un. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́ lọ́jọ́ kẹrin.

Bàbá Àáfà kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹkún. Ó ránṣẹ́ pe Múfú mẹkáníìkì láti àdúgbò Challenge. Ẹni rere ni Múfú, ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti lò nídìí lọ́rì, ṣùgbọ́n lọ́rì ni. Ó fetí lé ara ọkọ̀ bí dókítà. Ó fi ìka kan omi náà, ó tọ́ ọ lá, ó tutọ́.

"Omi rédíétọ̀ ni. Ẹ́ńjìnnì ti ń mu omi. Ẹ jẹ́ kí n wo rédíétọ̀ rẹ̀."

Ó ṣí iwájú, táyà àti agbòjò yín ló bá níbẹ̀. Ó ṣí ẹ̀yìn, ẹ́ńjìnnì ló rí. Ó tún padà sí iwájú. Ó wo abẹ́ àga, ó dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ó ń wá rédíétọ̀ kiri bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù. Nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Bàbá Àáfà, mi ò fẹ́ fa ìjà sínú ẹbí o. Àmọ́ wọ́n ti jí rédíétọ̀ yín lọ."

"Sùbúhánáláhì!"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Mo ṣàlàyé fún Múfú pé ọkọ̀ ìjàpá kì í ní rédíétọ̀, pé atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Ó wò mí pẹ̀lú àánú.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ dé láti òkè òkun. Èmi ni mo ní sípánà."

Báyìí ni ilé pín sí méjì. Àwọn kan ní ọkọ̀ ń sunkún yín, àwọn kan ní wọ́n jí rédíétọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ti ń fi ojú wá olè. Ọ̀rọ̀ ti ń fẹ́ di ti ẹ̀gbin láàárín àwọn ọmọ bàbá yín nígbà tí Bàbá Àáfà gbé ìdájọ́ kalẹ̀: wọn ó ta ọkọ̀ náà lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ẹnì kan ti ń bẹ̀ wọ́n láti rà á, kó tú u palẹ̀ láti ta àwọn ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń sunkún lójoojúmọ́, wọ́n ní kò yẹ kó wà nínú ilé tí opó wà.

Tú u palẹ̀, Bàbá. Sítiárìn yìí lọ́tọ̀, àga yìí lọ́tọ̀.

Mo wólẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ẹkún, kì í sì í ṣe olè. Mo mọ ohun tó fà á."

"Ṣàlàyé rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ kí gbogbo ilé gbọ́. Má fi Gẹ̀ẹ́sì yọ wá lẹ́nu o. Bó bá ti yé Ìyá Gàmbàrí, ọkọ̀ dúró. Bí kò bá yé e, kọ́kọ́rọ́ dà?"

Ẹ wo irú ìdánwò tí mo bọ́ sí! Ìbéèrè yín gan-an ni, àfi pé lọ́tẹ̀ yìí kò sí pé n ó parí rẹ̀ ní ìparí ọ̀sẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá Màmá. Èmi lóde, òun lẹ́yìn kọ́tìnì, mo ń bèèrè ọ̀rọ̀ bí ọmọ kéú. Màmá ní kí n fi ìdérí ìkòkò ṣe àpẹẹrẹ: bí ìkòkò bá hó, ìdérí á làágùn. Inú mi dùn. Òun fúnra rẹ̀ ló tún bà á jẹ́ kí n tó kúrò níbẹ̀: "Àmọ́ a bu omi sínú ìkòkò ná. Ta ló bu omi sínú ọkọ̀?" Ṣé báyìí ni ẹ̀yin méjèèjì ṣe máa ń jiyàn ní gbogbo ọdún tí n kò sí nílé? Ó jọ pé mo pàdánù ohun tó dùn.

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ pé. Gbogbo wọn jókòó sábẹ́ igi gúáfà. Mo tan sítóòfù kẹrosíìnì. Mo mú dígí kékeré yín, èyí tí ẹ máa ń fi kọ́ ara igi gúáfà yẹn náà láti fá irùngbọ̀n nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ẹ máa ń wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí afunfèrè. Mo ti fi í síta látàárọ̀ kí ọyẹ́ mú un. Mo fi aṣọ nù ún gbẹ, mo fi han gbogbo wọn yípo, mo wá gbé e sókè iná díẹ̀. Kíá, ojú dígí ṣú. Omi wẹ́ẹ́rẹ́ bò ó.

"Ẹ wò ó! Kò sẹ́ni tó bu omi sí kẹrosíìnì. Iná ló bí omi yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni bẹntiróòlù ṣe ń—"

"Haà! Dígí!" Ìyá Gàmbàrí ti bọ́ sílẹ̀ lórí àga. "Dígí tó ń wo ojú Àkànní láràárọ̀! Ṣé òun náà kò ní sunkún ni? Àkànní o!"

Bàbá, gbogbo obìnrin ilé bá a sunkún. Màmá náà gbè é láti inú yàrá, kò tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń sunkún lé lórí. Bàbá Àáfà na ọwọ́ sí mi fún kọ́kọ́rọ́.

N kò mọ ibi tí ohun tí mo sọ tẹ̀ lé e ti wá. Mo ṣáà la ẹnu.

"Yìgì ni, Bàbá! Yìgì ni wọ́n so!"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè. Ẹ mọ̀ pé kò sí yìgì tí wọ́n so ládùúgbò wa láti ogún ọdún sẹ́yìn tí kì í ṣe òun ló so ó. "Yìgì ta ni?"

Mo ṣàlàyé. Mo ní nǹkan kan wà nínú bẹntiróòlù tó ń jẹ́ háídírójìn, òmíràn wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí tó ń jẹ́ ọ́síjìn. Olúkúlùkù wọn wà nílé bàbá rẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ti pàdé, iná ni àáfà tó so wọ́n pọ̀, omi sì ni ọmọ tí wọ́n bí.

"Ta ni ọkọ níbẹ̀?"

"Ọ́síjìn, Bàbá."

"Aya ńkọ́?"

"Háídírójìn. Méjì ni wọ́n. Háídírójìn méjì sí ọ́síjìn kan ni omi."

Bàbá Àáfà, ọlọ́bìnrin méjì, rọra wo ìyáálé rẹ̀, ó wo ìyàwó kékeré, ó sì wo ilẹ̀. Ìyá Gàmbàrí, tí òun náà jẹ́ ìyáálé nílé ọkọ rẹ̀, nu ojú, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Bó ṣe yẹ kó o ti wí látàárọ̀ nìyẹn! Ọkọ kan, ìyàwó méjì, wọ́n tún wá kó wọn sínú yàrá kan ṣoṣo tí iná ń jó. Kí ló tún kù tó máa jáde níbẹ̀ bí kò ṣe omi ojú? Ó yé mi. Ó yé mi yékéyéké."

"Ó yé ọ?" ni Bàbá Àáfà bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, bí kò bá yé ẹ̀yin, ẹ bi àwọn ìyàwó yín."

N kò tún un ṣe. Ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin olùkọ́ mi, n kò tún un ṣe rárá. Mo kàn sáré fi ìyókù kún un. Mo ní omi náà gbóná bí ooru ìkòkò nígbà tó ń jáde, ojú kò sì lè rí i. Bó bá kan irin sàlẹ́ńsà tí ọyẹ́ ti mú, ni ó ń di omi, tó ń kán. Èmi ni mo sì jẹ́ kó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni mò ń tan án. Ara sàlẹ́ńsà kì í gbóná tán kí n tó pa á. Bí ọkọ̀ bá lè rìn jìnnà, irin á gbóná, omi á bá èéfín lọ, kò ní kán mọ́.

"Kò ní kán mọ́?" Bàbá Àáfà ti rí ibi tó máa di mú.

"Kò ní kán mọ́, Bàbá."

"Bó bá kán ńkọ́?"

Mo wo igi gúáfà, mo wo dígí yín. "Ẹ tà á."

Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni Màmá parí tákàbà, tí ọkọ̀ náà sì lè jáde. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tuntun, a sì gbéra lọ sí Ọ̀fà láti lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀. Màmá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bàbá Àáfà àti Ìyá Gàmbàrí wà lẹ́yìn, abọ́ tánńganran wà lórí itan Ìyá Gàmbàrí. Mo ní láti jẹ́wọ́ nǹkan kan. Sítiárìn yín ṣì wà lápá ọ̀tún, ọwọ́ òsì ni mo sì ti kọ́ ọkọ̀ ní ìlú òyìnbó. Mo gbàgbé pátápátá pé gbogbo Nàìjíríà ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún. A ti rìn jìnnà díẹ̀ kí lọ́rì kan tó rán mi létí. Bàbá Àáfà kò sọ̀rọ̀ ìbínú kankan, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ka àdúrà tí wọ́n máa ń kà fún ẹni tó ń kú lọ. Ìyá Gàmbàrí sì ń fi tirẹ̀ kún un: "Àkànní, má tíì wá pàdé wa o! A ṣì ń bọ̀! Má kánjú!"

Màmá nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé ní gbogbo ọ̀nà, ó ń jẹ́ kí atẹ́gùn gba àárín ìka rẹ̀.

Nígbà tí a dé Ọ̀fà, n kò pa ẹ́ńjìnnì. Gbogbo wa yí sẹ́yìn ọkọ̀. Ìyá Gàmbàrí gbé abọ́ sábẹ́ sàlẹ́ńsà, a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ń wò. Àwọn ará Ọ̀fà náà wá bẹ̀rẹ̀ tì wá, wọn kò mọ ohun tí à ń wò. A dúró títí ọrùn fi ń dùn wá. Ẹ̀kán kan kò bọ́. Bàbá Àáfà ki áńkáṣíìfù funfun rẹ̀ bọ ẹnu sàlẹ́ńsà, ó yọ ọ́ jáde. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n ó gbẹ táútáú.

"Ó gbẹ," ni ó wí. "Wàláì, ó gbẹ. Ọkọ̀ dúró."

Mo fò sókè. Mo fẹ́ di mọ́ ènìyàn, ni mo bá rí ojú Ìyá Gàmbàrí. Ó gbé abọ́ òfìfo náà lọ́wọ́, ó ń wo inú rẹ̀.

"Ó ti gbàgbé Àkànní nìyẹn?"

Màmá ló gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi etí ìró rẹ̀ nù ún.

"Kò gbàgbé, Ìyá. Òun náà jáde tákàbà ni."

Láàárọ̀ àná, ọyẹ́ tún mú. Mo tan ọkọ̀, omi sì tún ń kán, tó, tó, tó. Mo ti la ẹnu láti ṣàlàyé pé irin ti tutù mọ́jú, nígbà tí mo rí Ìyá Gàmbàrí tó ń sáré bọ̀, igbá wàrà lórí, abọ́ lọ́wọ́, tí ojú rẹ̀ kún fún ayọ̀. Mo pa ẹnu mi dé. Bàbá Àáfà náà rí i láti ẹnu ọ̀nà. Ó yí ojú sí ibòmíràn, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Àbí ẹ ti mọ ìdáhùn náà tẹ́lẹ̀? Lẹ́yìn gbogbo ọdún tí ẹ fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, ṣé òótọ́ ni pé ẹ kò mọ̀ ọ́n, àbí ẹ kàn ń wá ohun tó máa fipá mú mi kọ lẹ́tà gígùn?

Ó ti gùn báyìí. N kò mọ àdírẹ́sì yín tuntun, nítorí náà inú àpò ilẹ̀kùn ọkọ̀ yìí ni n ó fi í sí. Bíró pupa yín ni mo bá níbẹ̀. Mo ti dán an wò lẹ́yìn ọwọ́ mi, ó ṣì ń kọ. N ó dè é mọ́ lẹ́tà náà. Ẹ ó rí i pé mo fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé láti òkè délẹ̀, bí ẹ ṣe máa ń fẹ́. Bí ẹ bá lè fún mi ní márùn-ún, inú mi á dùn.

Èmi ni ọmọ yín tó gba mẹ́rin nínú mẹ́wàá, tó fẹ́ràn yín, tó sì ń wa ọkọ̀ yín lọ́wọ́ ọ̀tún báyìí.